Ohùn Ẹ́ńjìn Tí Mo Jẹ́rìí Sí

Elétí ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá mi sọ mí, iṣẹ́ ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣáà ti tan án. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, màá ti sọ ibi tó ń dùn ún fún yín.

Ogún ọdún ni mo fi ń fi etí yìí fọ́nnu. Ẹ jókòó, kí n sọ bí etí èmi ṣe fọ́ ojú ẹlòmíì fún yín.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì ló ni ojú náà. Mo ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí mi ò tíì lè dá táyà gbé. Ọdún mẹ́fà ni mo fi sùn nílé wọn, ìyàwó wọn ló sì ń fọ aṣọ mi tó kún fún ọ́ìlì. Ìyàwó náà ti di olóògbé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà lókè òkun, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi ni mo wà nítòsí. Èmi náà ni mo gba ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ojú Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ojú òsì ti lọ pátápátá. Tọ̀tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà téèyàn ń yọjú látinú ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní tí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù yẹn á dúró. Ó ti dá ọjọ́ fún wọn, ó ku bí oṣù méjì. Ọ̀gá ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Àmọ́ wọ́n tún ní owó mìíràn tí wọ́n ti ń rọra tọ́jú. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí, wọ́n ní mọ́tò kan wà tó ń wu àwọn láti rí kí abẹ tó kan ojú àwọn. Mo mọ mọ́tò náà kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Mọ́tò àtijọ́ onílẹ̀kùn méjì ni, tí iná iwájú rẹ̀ rí roboto, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé tútù. Inú irú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìyàwó wọn ní mọ́tò wíwà. Wọ́n tà á nígbà tí ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé gíga, látìgbà náà ni wọ́n sì ti ń dárúkọ rẹ̀ bí ẹni ń dárúkọ èèyàn.

Wọ́n ní, “Tí iṣẹ́ abẹ náà bá yọrí sí rere, ó dáa. Tí kò bá yọrí sí rere, ó kéré tán, màá ti rí i.”

Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Kí ni mò ń ṣe láyé, tí Ọ̀gá á fi fẹ́ mọ́tò, tí mi ò ní í rí i?

Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ò sí nílẹ̀ wa mọ́. Orí ayélujára ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, lọ́sàn-án tí iṣẹ́ bá dín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí i. Ó wà lókè òkun, ó ń dán, iná rẹ̀ rí roboto, ewé tútù gan-an. Iye tí wọ́n ń tà á kò tó ìdajì iye tí àwọn yòókù ń pè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á ti ń mi orí. Ẹ rọra. Lẹ́yìn ọ̀ràn ni gbogbo wa máa ń gbọ́n.

Ẹni tó ń tà á ní tísà tó ti fẹ̀yìn tì lòun, torí náà ẹ jẹ́ n máa pè é ní Tísà. Ó ní ara ìyàwó òun ò yá, òun fẹ́ kó kúrò nílé ńlá lọ sí kékeré, kò sí àyè fún mọ́tò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn. Tí mo bá kọ̀wé sí i, á kọ́kọ́ béèrè ara Ọ̀gá kó tó dá mi lóhùn.

Mo ní kó pè mí lórí fóònù kó gbé fóònù náà yí mọ́tò ká, kí n máa wò ó. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé àwọn ò gbé e. Mo ní kó fi nọ́ńbà ṣáásí, èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin mọ́tò, ránṣẹ́. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ dà bí ẹni pé inú òjò ni wọ́n ti yà á. Nínú fọ́tò kan, apá òsì ni sítíárìn wà. Nínú òmíràn, apá ọ̀tún ni.

Mo rí i. Mi ò ní í purọ́ fún yín, mo rí i kedere. Mo sọ fún ara mi pé fọ́tò ló yí padà bíi ti dígí. Ohun tó bá ti wu èèyàn, kò ní í ṣaláì rí àwáwí fún un.

Mo wá sọ fún Tísà pé kò sí ìyọnu, kó kàn tan ẹ́ńjìn kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé etí mi ló ń bọ́ mi. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, fídíò dé.

Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà ni wọ́n gbé ojú fóònù sí, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àmọ́ ohùn náà! Ẹ́ńjìn náà rọra ń dún láìgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó dúró díẹ̀ kó tó gbóhùn sókè, bí àgbàlagbà tó ń tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe kó tó sọ̀rọ̀. Fún ẹ́ńjìn yẹn, ibi tó yẹ kó dúró gan-an nìyẹn. Èmi nìkan ni mo wà lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ ọ́ síta pé ẹni tó yí kábúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìn yìí lépo mọ iṣẹ́.

Mo gbé fóònù lọ bá Ọ̀gá. Wọ́n gbé e sí etí, wọ́n di ojú. Wọ́n ní ọwọ́ ẹni tó tún un ṣe mọ́. Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá gbé fóònù náà fún mi.

Wọ́n ní, “Sọ fún àbúrò rẹ kó lọ wò ó. Etí ò tó, Elétí. Ojú ni kó rí i.”

Mo pe ọmọ wọn, mo fún un ní àdírẹ́sì Tísà. Ó ní ìrìn wákàtí mẹ́rin ni nínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó fún òun láyè níbi iṣẹ́. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó kankan kí n tó débẹ̀ o.” Mo ní, ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n ń tàn ni? A jọ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Tísà kọ̀wé. Ó ní ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé mọ́tò lọ́jọ́ Ẹtì, owó ọwọ́ ni onítọ̀hún á sì san. Ó ní ká ní ó wà lọ́wọ́ òun ni, èmi lòun á tà á fún. Ó ní òun ti ròyìn mi fún ìyàwó òun, pé ọkùnrin kan wà tó lè fi etí lásán ka ẹ́ńjìn.

Orí mi wú bíi búrẹ́dì tó já sómi. Òyìnbó kan wà níbì kan tó mọyì mi, ó sì ń fi mí yangàn níwájú aya rẹ̀. Ta ni kò ní í wù?

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Mo gbìyànjú láti dúró de ọmọ Ọ̀gá, mi ò lè dúró. Tí mo bá ti di ojú, mo ń rí ẹlòmíì tó ń wa mọ́tò Ọ̀gá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá wọn.

Wọ́n ní, “Ṣé ọmọ ti rí i?”

Mo ní, “Ó ti rí i, Ọ̀gá.”

“Ó rí i fúnra rẹ̀?”

“Fúnra rẹ̀, Ọ̀gá. Ó ní ó dáa.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mi ò sì ṣẹ́jú. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ náà pé Ọ̀gá ṣì ń rò ó, kó má kánjú. Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í sọ ju “ṣé ara le, ṣé o ti jẹun” lọ tó bá pè lọ́jọ́ Àìkú. Látìgbà tí ìyá ti kú ni wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ tó gùn. Ọ̀gá náà ò sì fẹ́ kó mọ iye tí àwọn fẹ́ ná sórí mọ́tò. Àlàfo tó wà láàárín bàbá àti ọmọ ni mo gbé irọ́ mi kà.

Ní báńkì, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì kì í ṣe ti Tísà. Ó ní ọkọ ọmọ òun ni. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo mọ onítọ̀hún. Mo fìbínú bi í bóyá owó tirẹ̀ ni mò ń fi ránṣẹ́. Ó dorí kodò, ó tẹ òǹtẹ̀. Mo ṣì ń rí i bó ṣe dorí kodò yẹn.

Tísà fi ìwé ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́, òǹtẹ̀ pupa, òǹtẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Inú Ọ̀gá dùn. Wọ́n ní kí wọ́n gbá ibùdó mọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mọ́. Wọ́n ra agolo ìpara tí wọ́n fi ń dán ara mọ́tò, wọ́n gbé e sórí tábìlì pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ojú. Tí mo bá wọlé, wọ́n á ní, “Ó ti rìn dé ibo báyìí?” Èmi náà á máa sọ ọ́ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àwọn ló ń kó ẹrù náà. Wọ́n ní mọ́tò ti há ní èbúté, wọ́n fẹ́ owó ìdúró kan kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n á dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó ojú Ọ̀gá dọ́gba.

Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe mọ̀. Èmi ni mo sọ fún Tísà. Ẹnu ló ń yún mi, mo ti sọ ti iṣẹ́ abẹ fún un, mo ti sọ pé owó náà wà nílẹ̀. Ó bá mi kẹ́dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Mo bẹ Ọ̀gá. Mo ní ọjọ́ mẹ́wàá péré ni, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ṣì ku oṣù kan. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn àga, wọ́n yọ ìwé báńkì jáde, wọ́n ní, “Ìwọ lo mọ̀ ọ́n.”

Ọjọ́ mẹ́wàá pé. Tísà ò fèsì. Mo pè é, fóònù ò lọ. Mo wá ìkànnì àwọn akóẹrù náà lọ, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi rẹ̀ mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, mo dùbúlẹ̀ sórí àga ní pálọ̀, mo ń tún fídíò náà gbọ́. Ohùn yẹn nìkan ló ṣì ń fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ìyàwó mi ń lọ aṣọ nínú yàrá. Ó gbé orí sókè.

Ó ní, “Ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù?”

Mo ní ṣọ́ọ̀bù wo? Ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó jáde wá, ó ní kí n tún fídíò náà tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó na ìka sókè.

“Sípánà ẹnu ọ̀nà yín nìyẹn.”

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Mo so àlòkù sípánà méjì mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, kí n lè mọ̀ tí oníbàárà bá wọlé nígbà tí mo bá wà lábẹ́ mọ́tò. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún méjìlá. Tẹ́nì kan bá ti ilẹ̀kùn, wọ́n á gbá ara wọn, tin, tin-tin. Èmi ò gbọ́ ọ mọ́ rárá. Ohun tí etí bá ń gbọ́ lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, kì í gbọ́ ọ mọ́.

Mo fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní kó padà sídìí aṣọ. Ó mú fóònù tirẹ̀, ó lọ sí ojú ìwé tó fi ń polówó iṣẹ́ mi, ó wá ọdún méjì sẹ́yìn lọ. Ọkùnrin kan tó ń ta pákó gbé irú ẹ́ńjìn yẹn, tó fi ń la pákó, wá fún mi nígbà náà, mo sì tún un ṣe. Ìyàwó mi ti yà á ní fídíò, inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ mi. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ́ńjìn dún. Ó dúró díẹ̀, ó gbóhùn sókè. Tin, tin-tin. Fídíò tirẹ̀ wá yí síbi ẹnu ọ̀nà, oníṣòwò pákó ló ń wọlé, èmi náà rèé, ọ́ìlì dé ìgbọ̀nwọ́, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọba.

Àwọn olè náà ti yọ ohùn mi, wọ́n fi sábẹ́ àwòrán mọ́tò onímọ́tò. Ọjọ́ mẹ́ta tí Tísà fi dákẹ́ yẹn, ohùn ló ń wá. Ẹni tó yí kábúrétọ̀, tí mo ní ó mọ iṣẹ́, èmi ni.

Ìyàwó mi ò pariwo. Ó kàn ní, “Ẹ dìde. Ẹ lọ sọ fún Bàbá kó tó di pé wọ́n gbọ́ ọ níta.”

Mo bá Ọ̀gá nínú àga wọn. Agolo ìpara mọ́tò ṣì wà lórí tábìlì, wọn ò tíì ṣí i. Wọ́n mọ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, “Ó ti dé ibo?” Mo jókòó. Mo ṣì ń wá ọ̀nà tí màá gbà bẹ̀rẹ̀ tí fóònù wọn fi dún. Ọmọ wọn ni. Wọ́n máa ń ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ gbangba, torí wọn ò rí bọ́tìnnì dáadáa.

“Dádì, mo wà níbi àdírẹ́sì tí Bọ̀ọ̀dá Elétí fún mi. Ilé ìfọṣọ ni o. Wọn ò mọ tísà kankan níbí.”

Ọ̀gá ní, “Ìgbà wo lo tún lọ? Ṣebí o ti rí mọ́tò náà níjọ́sí?”

“Mọ́tò wo, Dádì? Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé oṣù kan. Ọ̀gá yí ojú sí mi. Ibi tí wọ́n kọjú sí kì í ṣe ibi tí mo wà gan-an, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n ń wò.

“Elétí.”

“Sà.”

“Ọmọ náà rí i fúnra rẹ̀?”

“Rárá, Ọ̀gá.”

Ọmọ wọn ń pè látinú fóònù. “Dádì, ẹ ò tíì sanwó, àbí? Dádì?”

Mo wó lulẹ̀ níwájú wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti irọ́, ti báńkì, ti ẹnu mi tó ń yún. Mo gbé fídíò méjèèjì fún wọn kí wọ́n gbọ́. Mo ń retí kí wọ́n lù mí. Ká ní wọ́n lù mí ni, ì bá sàn.

Wọ́n ní, “Mo gbọ́ ọwọ́ rẹ níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí i. Mo rò pé ẹnì kan wà lọ́hùn-ún tó ń ṣe é bíi tiwa, inú mi sì dùn sí i. Ìdí tí mo fi ní kí ojú lọ rí i nìyẹn. Etí mi ti gbà jù.”

Wọ́n na ọwọ́ sórí tábìlì, wọ́n wá agolo náà kàn, wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́yìn àga.

Mo lọ sí báńkì, wọ́n ní ọwọ́ ara mi ni mo fi fi owó ránṣẹ́. Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Gbájúẹ̀ ti gba owó lọ, mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò mọ ojú rẹ̀. Mo ta irinṣẹ́ tí mo lè tà. Ọmọ Ọ̀gá yá owó lọ́tùn-ún lósì. Kí ó tó pé, ọjọ́ tí dókítà dá ti kọjá tipẹ́. Nígbà tó tan iná sí ojú ọ̀tún náà, ó ní omi ti tán lẹ́yìn ẹja.

Ọmọ wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ìyàwó mi ló máa ń pè. Gbólóhùn kan ló sọ fún mi lẹ́yìn ọjọ́ ilé ìfọṣọ yẹn, pé, “Bọ̀ọ̀dá, mo ní kí ẹ dúró dè mí.”

Ẹ̀yin tó ń wo mọ́tò dáadáa kan báyìí lórí fóònù, tó ń dán, tó sì dínwó, tí ẹni tó ń tà á ń kánjú nítorí yín, ẹ rán ojú lọ kí owó tó lọ. Ẹ má rán etí. Ẹ má sì rò pé torí ẹ mọ iṣẹ́ ni wọn ò ṣe ní í mú yín. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ gan-an ni wọ́n fi mú mi.

Láràárọ̀ ni mo máa ń di Ọ̀gá lọ́wọ́ mú wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Tí mọ́tò bá kọjá, wọ́n á ti mọ irú èyí tó jẹ́, wọ́n á mọ ohun tó ń ṣe é, wọ́n á sọ fún mi. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọn ò lè mọ̀. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń sọ. Mo ní pupa ni, Ọ̀gá. Mo ní funfun ni.

Wọ́n á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n á rọra béèrè pé, “O rí i fúnra rẹ?”

Wọn kì í fi ìbínú béèrè rẹ̀. Wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni.